Súìtì Tí Kò Ní Ṣúgà

Àtọ̀gbẹ ń ṣe mí, ẹ̀rù ohun dídùn sì máa ń bà mí. Virtue ọmọ mi fi ẹ̀wà àti ẹ̀pà ṣe nǹkan bíi súìtì, ó ní kí n tọ́ ọ wò kí òun tó máa tà á ní Kábà.

"Bàbá, kò ní ṣúgà. Okun ni."

"Okun o, ọmọ mi," mo dá a lóhùn, bí a ṣe máa ń kí ara wa ní Kábà.

Rhoda ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Virtue, kò kí yín o! Agbára ló ń sọ."

Mo rọra gé e jẹ. Ó lẹ̀ mọ́ mi léyín, ẹnu mi kò ṣí mọ́. Rhoda bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Bàbá, ṣé ó dùn?"

Mo mirí pé rárá. Ọkàn mi ti balẹ̀: ohun tó burú lẹ́nu tó báyìí, ṣúgà kò lè sí nínú rẹ̀.