Ìbùsùn Ọ̀fẹ́ ní Bẹyẹrúnkà

Ìròyìn ọkọ̀ ojú irin ló gbé Àkíbù àti Màmúdù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò nídìí òfì wọn ní Ìṣẹ́yìn. Wọ́n gbọ́ pé irin kan ń sáré wọ Ìbàdàn, tó ń tu èéfín lákọlákọ, ni wọ́n bá di ẹ̀kọ àti àkàrà, wọ́n fẹsẹ̀ rìn ín. Owó ibùwọ̀ ńkọ́? Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Ìṣẹ́yìn torí àtiwo èéfín, níbo ni yóò ti rówó ọ̀hún?

Nígbà tí wọ́n dé Bẹyẹrúnkà, wọ́n yà sí agbo ilé Jagun, ológun àtijọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Ìṣẹ́yìn. Ihò ìbọn ṣì wà lára ògiri, òpó gbígbẹ́ sì wà lójú kọ̀bì, níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò níwájú ilé. Àkíbù ń fọwọ́ pa òpó kan lọ́wọ́ nígbà tí Baálé ilé béèrè ibi tí wọ́n ti wá.

"Ìṣẹ́yìn kẹ̀? Ibẹ̀ mà ni Ọláyínká ọmọ Jagun wa lọ kú sí!"

"Òun ló bí ọ̀rẹ́ mi yìí, bàbá," ni Màmúdù dáhùn kíá.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí Àkíbù tó lanu, ilé ti hó yèè, wọ́n ti tẹ́ ẹní fún un nínú yàrá tí Jagun fúnra rẹ̀ ń sùn sí kó tó kú, wọ́n sì ti gbé ọbẹ̀ ẹran síwájú rẹ̀. Màmúdù jẹ, ó lá ọwọ́. Àkíbù ti àwo tirẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Màmúdù.

Ní òwúrọ̀, arúgbó kan tí irun rẹ̀ funfun báláú kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ọkọ mi, ẹ kú àárọ̀ o."

Bí ìyàwó ilé ti wù kó dàgbà tó, ọkọ ló ń pe ọmọ ilé. Ojú ti Àkíbù, òun náà sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Àtọ́kẹ́ lorúkọ ìyá yìí. Ogun ló kó o ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nígbà tó wà lọ́mọge, Jagun sì fi ṣaya. Nígbà tí Jagun kú, Ọláyínká, ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ mìíràn bí, ṣú u lópó. Ọláyínká lọ, kò padà. Nígbà tí òyìnbó sì ní kò sẹ́rú mọ́, ìdílé ní ìyàwó kì í ṣe ẹrú: níwọ̀n bí Ọláyínká ti kú, ọmọ rẹ̀ nìkan ló lè yọ̀ǹda rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé àbúrò mi ń bẹ láyé nílé wa," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ n lọ fojú kàn án kí n tó kú."

Omi bọ́ lójú Àkíbù. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Èmi kì í ṣe ọmọ Ọláyínká."

"Mo mọ̀. Wọn kì í bí onítìjú nílé Jagun. Ṣùgbọ́n Baálé ti pè ọ́ lọ́mọ lójú gbogbo ilé, kò lè gbé e mì mọ́."

Ẹ̀rù ba Àkíbù gan-an; bí àṣírí bá tú, kùmọ̀ ló kù. Síbẹ̀ ó dìde, ó lọ dọ̀bálẹ̀ lójú kọ̀bì níwájú Baálé àti gbogbo ilé.

"Lórúkọ bàbá mi Ọláyínká, mo yọ̀ǹda ìyá yìí kó máa lọ sílé wọn."

Baálé wò ó títí. Ó wo Àtọ́kẹ́. "Ọmọ Ọláyínká ti sọ̀rọ̀," ni ó wí, ó sì yíjú kúrò.

Àtọ́kẹ́ di ẹrù kékeré kan, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì sìn ín jáde. Lẹ́nu ìloro, ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Láti ìgbà tó ti wọ ilé yìí, kò rìn kọjá Ọjà'ba láàárín ìlú rí.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni ó wí, "apá ibo nilé wa wà?"