Ọ̀gá Èémí àti Ìyá Rẹ̀

Kí oòrùn tó mú ni wọ́n máa ń rìn. Ọ̀gá Èémí á ṣáájú, àwọn oníbàárà á tò tẹ̀lé e, bàtà lọ́wọ́, láti ọgbà ìgbafẹ́ gba abẹ́ igi lọ sí etí òkun. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jókòó sórí ẹní, wọ́n á dijú, òun á sì máa fi ohùn bí òróró darí wọn: "Ẹ mí sínú. Ẹ jẹ́ kí agbára òkun wọ inú yín." Iṣẹ́ tó fi ń jẹun nìyẹn látìgbà tó ti jáde yunifásítì tí kò ríṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò gbà pé agbára kankan ń wọnú ẹnikẹ́ni. Ó kàn mọ̀ pé ara máa ń fúyẹ́ fún ẹni tó bá sinmi.

Ìyá rẹ̀ gbà á ní tiẹ̀, ó ní agbára òkun ń wo àìsàn sàn. Aránṣọ ni màmá, kókó kan ló yọ sí i lọ́rùn tí kò jẹ́ kó lè tẹ orí ba ẹ̀rọ mọ́. Àárọ̀ yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n gé e kúrò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, àkọ́bí, ti ń dúró nílé ìwòsàn láti ìdájí. Màmá gbé ẹní, ó wá sétí òkun.

Ọ̀gá Èémí fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ. Dókítà ní tá a bá tún sún un síwájú, apá lè má ká a mọ́."

"Ṣé mo ní ọmọ tó ń wo gbogbo ayé sàn, kí n wá lọ na ọrùn sílẹ̀ fún ọ̀bẹ bí adìyẹ?"

"Mi ò wo ẹnikẹ́ni sàn rí. Irọ́ ni, Màmá. Èmi ni mo jókòó tí mo hun gbogbo ẹ̀ pọ̀."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká. "Ọkọ mi, ṣebí ìwọ lo sọ fún wa pé ìbẹ̀rù máa ń yá ohùn ẹni tá a fẹ́ràn lò? O ní bó tiẹ̀ jẹ́ ohùn tìẹ ló gbé wọ̀, ká má dá a lóhùn. Mi ò ní dá a lóhùn."

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ bá a lóòótọ́. Irọ́ ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Láti kékeré, kò sí àlọ́ tí Ọ̀gá Èémí kì í já. Ó rò ó pé bí òtítọ́ ò bá ṣílẹ̀kùn, irọ́ lè ṣí i. Ó dijú, ó na ọwọ́ sí òkun.

"Màmá, agbára ti sọ̀rọ̀. Ó ní kí ẹ lọ sílé ìwòsàn."

"Ó sọ̀rọ̀ kẹ̀? Ìwọ tó o ní agbára kì í sọ̀rọ̀, pé ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀rù ara ẹ̀ ló gbọ́? Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ọmọ yìí. Ìdánwò ẹ ti pọ̀ jù."

Gbogbo ilẹ̀kùn tó ń tì kó ṣí, òun fúnra rẹ̀ ló ti kàn án ní ìṣó. Kò sì lè gbé màmá lọ tipátipá, nítorí dókítà kò ní fọwọ́ kan ẹni tó bá kọ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ká máa bá òkun lọ ni?" Akọ̀wé báńkì kan láàárín àwọn oníbàárà ló pariwo. "Iyanrìn ti fẹ́ bò mí mọ́lẹ̀ síbí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Èémí kọjú sí wọn, ó sọ gbogbo rẹ̀ pátá: pé irọ́ ni, pé kí wọ́n bá òun bẹ ìyá òun. Akọ̀wé báńkì mi orí, ó dijú. "Ẹ̀kọ́ tòní le o," ló wí. Àwọn tó kù náà dijú.

Fóònù gbọ̀n lápò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni: wọ́n ti gbé ẹlòmíì wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọn ò sì mọ ìgbà tó tún máa kan Màmá.

Màmá fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e lé ọrùn. Kókó náà le bí òkúta, ó sì ti tóbi ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ.

"Ó ti ń rọ̀, àbí?" Ojú rẹ̀ dì, ẹ̀rín wà létè rẹ̀.

Gbogbo wọn ń dúró de Ọ̀gá Èémí.

"Ẹ mí sínú," ló wí.