Ilé Kan Ṣoṣo Tí Bàbá Mi Kọ́

Ọ̀ffà ni wọ́n ti bí Oyèládé, bàbá mi. Iṣẹ́ télọ̀ ló gbé e wá sí Zaria nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba. Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò, ló gbé. Ibẹ̀ ló bí èmi àti Morọ́láolúwa, àbúrò mi, sí.

Nígbà tí wọ́n ní kí àdúgbò yan ẹni tí yóò ṣojú wọn nínú ìgbìmọ̀ ìlú, bàbá mi jáde. Ọkùnrin tó ń bá a du ipò náà bi í níwájú èrò pé: "Télọ̀, níbo lo kọ́lé sí?"

Èrò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá tó bá rí owó díẹ̀ ní Zaria nígbà náà, ìlú rẹ̀ ni yóò ti kọ́lé. Inú yàrá tó háyà ni òun fúnra rẹ̀ yóò máa gbé níbí.

Bàbá mi ní: "Mi ò tíì kọ́ ìkankan. Ibí ni n ó kọ́ ọ sí. Ibí náà ni wọn ó sin mí sí."

Wọ́n dìbò yàn án. Ó mú kí wọ́n gbẹ́ kànga méjì. Ó kọ́ ilé náà. Ọ̀ffà kò rí bíríkì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá lọ sílé ọdún, yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sùn sí, wọ́n sì ń pè é ní Télọ̀ Aláìnílé. Nígbà tó kú, a sin ín sí gbàgede ilé rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Morọ́láolúwa, tó ti padà sí Ọ̀ffà, wá bá mi ní Hayin Dogo, ní Zaria níbí, lọ́dọ̀ ọmọ mi. Ó ti rí Alhaji kan ní Dakace tó fẹ́ ra ilé náà. Ó ní ká fi owó rẹ̀ kọ́lé sí Ọ̀ffà, ká kọ orúkọ bàbá sí i lára.

A mú Alhaji lọ. Ó rí sàréè.

"Haba, Baba! Nínú ilé? Ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò."

"A ó gbé e," ni àbúrò mi wí.

"Gbé ta ni?"

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Ilé ti ṣófo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó Dúrójaiyé, aládùúgbò mi ní Ọ̀ffà, tún bi mí láàárín àwùjọ pé ilé bàbá mi dà. Mo yọ́ kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó jalè."

"Bàbá ṣèlérí."

"Àwọn tó ṣèlérí fún ti kú tán! Olóṣèlú wo ló ń mú ìlérí ṣẹ látinú sàréè?"

Alhaji gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Olóṣèlú ẹyọ kan yìí," ni mo wí. "N kò tà."

Àbúrò mi sunkún. Mo jẹ́ kó sun ún tán. Ó bi mí ta ni yóò gbé inú ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Mo ní èmi ni.

Ọmọ mi bínú. Ó ní mo ti dàgbà jù láti dá gbé. Òótọ́ ló sọ. Mo kó lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì pe kápẹ́ńtà.

Tí wọ́n bá tún bi Morọ́láolúwa ní Ọ̀ffà, kò ní rí ilé kankan nawọ́ sí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kọ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé yàrá kan ti gbẹ, pé tó bá wá, ibẹ̀ ni yóò sùn sí.