Ọ̀rọ̀ Tí Kò Sí Lẹ́nu Tófúnmi

Láràárọ̀, kí Bàbá Akínṣọlá tó bọ́jú tán, ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ti sin láti oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá á kí i láti pálọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Àgbà."

Ohùn náà á dún ketekete, bí ìgbà tí Táyéwò, ìyàwó rẹ̀, ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní Òṣogbo. Kì í yára, kì í falẹ̀. Bàbá á nu ojú rẹ̀, á sì dáhùn pé, "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o jí dáadáa?" Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ń dá lóhùn, kì í ṣe òkú.

Jésùtófúnmi ni orúkọ ọmọ náà, Tófúnmi ni gbogbo ilé ń pè é. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án ni. Ìnira tí ó bá a lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ni kò jẹ́ kí ahọ́n rẹ̀ gbọ́ tirẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bí ènìyàn bá sì fi èyíkéyìí nínú méjèèjì sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, ojú tí yóò fi wo onítọ̀hún á tó o. Tábúlẹ́ẹ̀tì kan tí ilé-ìwé fún un ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Àwòrán ló kún ojú rẹ̀. Bí Tófúnmi bá fi ìka tẹ ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ sábẹ́ àwòrán náà á jáde.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ dé, ohùn obìnrin Amẹ́ríkà kan ló wà nínú rẹ̀, tí ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń polówó ọṣẹ. Táyéwò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ta wá nìyí?" ó ní. "Èyí kọ́ ni yóò máa kí mi nínú ilé yìí."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́ sí, nítorí pé ariwo ọkọ̀ tí ń sáré lórí freeway kì í wọ ibẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó ní kí Bàbá pa ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ohùn ara rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, Yorùbá Òṣogbo ni Tófúnmi ń sọ ní Sharpstown, ní Texas tí wọ́n ń gbé.

Àárín wọn dùn, ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ìwé pa, tí gbogbo ọmọdé ń kàwé nílé lórí kọ̀ǹpútà, Táyéwò ló ń jókòó ti Tófúnmi. Ó ń di ọwọ́ rẹ̀ mú láti kọ̀wé, ó ń tún ọrùn rẹ̀ ṣe lórí ìrọ̀rí, ó sì máa ń dá orin ìyìn díẹ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ inú kọ̀ǹpútà á máa jó. Ìgbà tó di oṣù kẹjọ, ikọ́ mú Táyéwò. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé e wọlé. Lójú fóònù ni Bàbá ti rí i kẹ́yìn. Kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ọmọ wọn Ọmọ́níkẹ́, tí wọ́n ń pè ní Níkẹ́, tí ó jẹ́ ìyá Tófúnmi, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní The Woodlands. Ìdájí ló ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Nítorí náà, àga tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tófúnmi di ti Bàbá, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ olùtọ́jú ẹ̀rọ omi ìjọba ní Òṣogbo, tí kò sì jókòó ti ọmọ kankan kàwé rí láyé rẹ̀. Ohun tí ó ti rí tí Táyéwò ń ṣe ni òun náà ń ṣe. Orin nìkan ni kò lè dá.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì kò ní tíì dé ìdajì, Tófúnmi á ti bú sẹ́kún. Á tẹ tábúlẹ́ẹ̀tì: "Ẹ má bínú." Bàbá á ní, "Mi ò bínú, ìyá mi, jẹ́ ká ṣiṣẹ́," á sì di ọwọ́ rẹ̀ mú padà. "Ẹ má bínú. Ẹ má bínú." Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ẹ̀yìn ọwọ́ òsì rẹ̀ sẹ́nu, á gé e jẹ. Àwọn ọmọ inú kọ̀ǹpútà á di etí. Ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jordan, tí kì í yé fi ojú ṣe yẹ̀yẹ́ kí Tófúnmi lè rẹ́rìn-ín, á pa kámẹ́rà tirẹ̀. Bàbá fi epo pa ọwọ́ ọmọ náà, ó wo ibà, ó wo eyín, ó gbàdúrà. Kò rí ìdí rẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ajé kan, tí àwọn ọmọ yòókù ti lọ, olùkọ́ wọn tí ń jẹ́ Zoe ní kí Bàbá dúró.

"Ọ̀gbẹ́ni Akínṣọlá, ilé-ìwé máa ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ Tófúnmi ní Ọjọ́bọ̀. Bó bá ń gé ara rẹ̀ jẹ báyìí, wọ́n máa yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi nìkan láá máa rí, fún ìgbà díẹ̀ lójúmọ́."

Bàbá wo Tófúnmi. Ọmọ náà ti gbọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé-ìwé pa, kò sí ọmọdé mìíràn tí ó ń rí àfi àwọn tí wọ́n wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn.

"Kí ni kí a ṣe?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń sọ. Èmi ò gbọ́ Yorùbá. Ẹ bá mi tẹ gbogbo àwòrán yẹn, kí ẹ sì máa túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi."

Bàbá fa tábúlẹ́ẹ̀tì náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́. Ẹ káàárọ̀. Ẹ káàsán. Ẹ kúulé. Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bínú. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo ti yó, ẹ ṣeun. Ó ń túmọ̀, ohùn rẹ̀ kò yẹ̀. Ó dé orí àwòrán bẹ́ẹ̀dì. Tófúnmi kì í tẹ ìyẹn. Ọmọ wo ló ń tọrọ oorun? Bàbá kò gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ rí.

"Mo fẹ́ lọ sùn," ni Táyéwò wí. Kò dúró níbẹ̀. Ó jọ pé ó gbàgbé láti pa ẹ̀rọ náà. Ohùn ọkùnrin kan ké láti òkèèrè pé, "Ìyá Níkẹ́, o fẹ́ fi ooru pa mí ni?" Táyéwò sì bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ fara dà á, Bàbá Níkẹ́. Ti Òṣogbo ò pa yín, ti Texas ni yóò..." Ibẹ̀ ló gé sí.

Bàbá gbé ìka rẹ̀ kúrò. Ó rántí ọjọ́ náà, bí òógùn ṣe ń wọ́ lára rẹ̀ tí ó ń kùn. Ó rántí bí obìnrin náà ṣe jáde láàárín aṣọ, tí ojú rẹ̀ ń dán, tí gèlè rẹ̀ ti tú, tí ó ní kí Bàbá bu omi tútù wá fún òun, tí Bàbá sì dá a lóhùn pé kó lọ bù ú fúnra rẹ̀.

"Kí ni ó sọ?" Zoe bi í.

"Ó ní òun fẹ́ lọ sùn."

"Ó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Bí Yorùbá ṣe máa ń gùn nìyẹn," ni Bàbá wí, ó sì tẹ èyí tó kàn.

Nígbà tí wọ́n dé òpin, Zoe béèrè pé, "Rárá ńkọ́? Èwo ló máa tẹ̀ bí kò bá fẹ́ nǹkan?"

Bàbá tún àwòrán náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí rárá níbẹ̀. Kò sí mi ò fẹ́. Kò sí ẹ fi mí sílẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ti àga.

"Ọmọ wa kì í dá àgbà lóhùn bẹ́ẹ̀."

"Bí ẹ bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí ó sì ń dùn ún, kí ló máa sọ fún yín?"

Ìka Tófúnmi na síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó ń gbọ̀n bí ó ti máa ń gbọ̀n. Ó tẹ àwòrán kan.

"Ẹ má bínú," ni ohùn Táyéwò wí.

Bàbá wo ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ náà, níbi tí ojú eyín ti di dúdú. Zoe ní òun lè fi ohùn obìnrin Amẹ́ríkà yẹn sọ rárá síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bàbá ní kí ó jẹ́ kí òun bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ná.

Ìrọ̀lẹ́ ni Níkẹ́ dé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí ìdúró, kò tíì bọ́ bàtà.

"Daddy, ẹ gbé e wá. Èmi máa gbà á sílẹ̀ báyìí."

"Jókòó ná. Ìyá rẹ ò gbàgbé o. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó fẹ́ kí ayé mọ̀ pé a kọ́ ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

"Mo mọ̀, sà. Ṣebí wọ́n kọ́ èmi náà. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo sọ rárá fún ẹ̀gbọ́n yín tí wọ́n wá láti Ìkìrun?"

Bàbá rántí. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Táyéwò ní kó kúnlẹ̀, kó kọjú sí ògiri, àfi ìgbà tí àlejò fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyá rẹ le."

"Wọ́n le, sà. Ṣùgbọ́n èmi ní ẹsẹ̀, Daddy. Bí n ò bá fẹ́ nǹkan, mo máa ń sá lọ sílé Ìyá Káfíńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó di ìgbà tí inú Màámi bá rọ̀. Ibo ni kí Tófúnmi sá lọ?"

Níkẹ́ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé ẹ ò fẹ́ kí ohùn ẹlòmíràn dà pọ̀ mọ́ ti Màámi ni?"

"Bọ́ bàtà rẹ," ni Bàbá wí. "Oúnjẹ wà lórí iná."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí Níkẹ́ ti jáde, Bàbá ti Tófúnmi lórí àga onítáyà rẹ̀ dé ẹnu yàrá aṣọ. Aṣọ Táyéwò ṣì wà níbẹ̀. Níkẹ́ fẹ́ kó wọn fún àwọn opó ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá ni kò gbà. Òórùn kánfọ̀ àti pọ́ńdà rẹ̀ kò tíì lọ. Bàbá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì wọ àárín wọn, ó pe Zoe lórí fóònù kó júwe ibi tí òun máa tẹ̀ láti gba ohùn sílẹ̀.

"Rárá!"

Tófúnmi ta gìrì lórí àga. Bí Bàbá ṣe máa ń lé àwọn olè páìpù lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ omi nìyẹn.

"Ó dà bí ìgbà tí ẹ fẹ́ mú mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá," Zoe wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún un ṣe."

Èkejì rọ̀ jù, bí ẹni tí ń tọrọ owó. Bàbá di kámísólù ìyàwó rẹ̀ kan mú, kò mọ̀ pé òun dì í mú. Ó gbìyànjú láti rò ó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ọwọ́ ń dùn ṣe máa sọ ọ́.

"Rárá. Mi ò fẹ́."

Ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ má bínú. Kò pa ìkankan nínú ti Táyéwò rẹ́.

Ohun tí ojú Bàbá rí lọ́jọ́ náà kò kéré. Ó gbé ìbọ̀sẹ̀ wá: "Rárá. Mi ò fẹ́." Ó fẹ́ ti àga sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé: "Rárá. Mi ò fẹ́." Ó ní, "Tófúnmi, ó tó báyìí," ó gbọ́ "Rárá," ọmọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín ṣubú. Ó tó ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni kò tíì dúró sójú rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ sọ rárá fún un. Ẹni tó wá ń sọ ọ́ yìí tún ń fi ohùn òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́.

Ní kíláàsì, nígbà tí ọwọ́ dun Tófúnmi, ó tẹ̀ ẹ́. Zoe dáwọ́ dúró. Bàbá tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà sinmi díẹ̀, ó ń wo gbogbo wọn bí ẹni tí ń dán afárá wò kó tó gun orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa pẹ́ńsùlù rẹ̀ mọ́ra. Kò gbé ọwọ́ sẹ́nu lọ́jọ́ náà, kò gbé e sẹ́nu lọ́jọ́ kejì.

Inú mọ́tò ni Níkẹ́ ti ṣe ìpàdé Ọjọ́bọ̀ lórí fóònù, nínú ọgbà ọ́fíìsì rẹ̀. Ó pe Bàbá bí ó ti parí. "Wọ́n ní kí ó dúró, Daddy. Wọ́n máa tún un wò lóṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó dúró pẹ̀lú wọn." Bàbá ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ó sì pa fóònù.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ó gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, ó tún ìrọ̀rí ọrùn ọmọ náà ṣe. Ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí Táyéwò ṣe máa ń fà á. Ó na ọwọ́ láti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì dá ọwọ́ náà dúró lójú ọ̀nà.

"Tófúnmi," ó ní, "ṣé kí n jókòó tì ọ́?"

Kò bi ọmọ kankan ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà ayé tiwọn, àgbà kì í béèrè. Ibi tó bá wù ú ló ń jókòó sí. Tófúnmi wò ó pẹ́. Ó wo àga náà. Ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì.

"Rárá. Mi ò fẹ́."

"Ó dáa," ni Bàbá wí.

Ó gbé àga náà lọ sí ẹnu ilé ìdáná, níbi tí kámẹ́rà kò lè rí i, ó sì jókòó. Láìpẹ́, ó gbọ́ tí àwọn ọmọ ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́ tí Jordan ń ṣe bí ewúrẹ́, ó gbọ́ ẹ̀rín Tófúnmi. Kò sí ẹni tí ó pè é títí kíláàsì fi parí.