Nọ́ọ̀tì Ọwọ́ Òsì

Ọkọ̀ náà tún yípo. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Awakọ̀ fẹ́ kí ó lọ síwájú, ọkọ̀ ń pòòyì lójú kan bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bọ́ sọnù sílẹ̀, ẹrẹ̀ sì ń ta sí wọn lórí.

"Ṣé ilé ìwòsàn la ń lọ ni, àbí ijó la wá jó?" ni nọ́ọ̀sì béèrè. Ó gbá kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Àwọn ọlọ́mọ ń dúró de wọn lódìkejì irà, yìnyín inú kúlà sì ti ń di omi.

Ọkọ̀ àrà ni. Ó ń wẹ̀ lójú omi, ó sì ń rìn nínú irà, nítorí pé rọ́bà fífẹ̀ kan ló yí taya ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ká bí ìgbànú, tí eléyín irin kan ń fà á yí. Bàbá ìyàwó awakọ̀ ló ń tún un ṣe, àgbà mẹkáníìkì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n, torí pé èèyàn kì í tíì sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ tán tí bàbá yóò ti ní òun ti mọ̀ ọ́n. Ó bá wọn wá lónìí láti wo bí àna òun ṣe ń wakọ̀. Ó tẹ́ awakọ̀ lọ́rùn kí ọ̀gá ọlọ́pàá jókòó tì í jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ni bàbá wí. "Ẹsẹ̀ rẹ ló wúwo. O ń tẹ iná jù."

Awakọ̀ rọra tẹ iná. Ọkọ̀ rọra yípo.

"Á jẹ́ pé jíà ni."

Ó pààrọ̀ jíà. Wọ́n fẹ̀yìn yípo.

"Bàbá, bóyá kí ẹnì kan wo abẹ́ rẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀! Jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ tì í."

Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹrẹ̀ mu ún dé orúnkún. Bó ti fi èjìká ti ọkọ̀ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì nà gbalaja níwájú bàbá ìyàwó rẹ̀.

"Dìde, dìde," ni bàbá wí, inú rẹ̀ ti yọ́. "Mi ò bínú. Àmọ́ ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ló máa gbé wa kúrò níbí."

Awakọ̀ kò dìde. Láti ibi tó wà, ó ń wo abẹ́ ọkọ̀. Rọ́bà ọwọ́ ọ̀tún le gbagidi. Ti òsì rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bí ṣòkòtò tí okùn rẹ̀ já, ó ti bọ́ lẹ́nu eléyín irin, nọ́ọ̀tì tó yẹ kó fà á le sì ti tú dé ìdajì. Ọ̀tún nìkan ló ń fa ọkọ̀. Báwo ni kò ṣe ní yípo?

Bàbá fúnra rẹ̀ ló di nọ́ọ̀tì yẹn lánàá. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún àna rẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni? Ta ló máa wá gbé oúnjẹ fún un nílé?

"Nọ́ọ̀tì kan ló tú ara rẹ̀ níbí o, sà."

"Nọ́ọ̀tì kì í tú ara rẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ta ló dì í?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ẹyẹ ojú ọ̀run.

"Èmi ni, mà," ni awakọ̀ dáhùn.

Èébú tó gbà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kò kéré. "Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń dúró de abẹ́rẹ́, ìwọ ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́! Ta ló fún ọ lọ́kọ̀ wà?" Bó ti ń bú u ni awakọ̀ ń gé koríko tó wé mọ́ eléyín, tó ń gbọ́n ẹrẹ̀, tó ń ní, "Ẹ má bínú, mà." Bàbá na sípánà sí i. Awakọ̀ fi igi gbé rọ́bà padà sáyè rẹ̀, ó sì di nọ́ọ̀tì títí kò fi gbà mọ́.

Nígbà tó tẹ iná, ọkọ̀ gbọn ara jìgìjìgì, ó kọjú síwájú, ó sì bọ́ sómi bí pẹ́pẹ́yẹ.

Lódìkejì, nọ́ọ̀sì ṣí kúlà. Yìnyín ṣì kù. Ó sáré tọ àwọn ọlọ́mọ lọ. Ó wá ku àna méjì.

"Ọkọ ọmọ mi."

"Sà."

"Ó ti tó ọdún kan tí ojú mi ò rí nọ́ọ̀tì dáadáa mọ́. Ọwọ́ ni mo fi ń bà á wò." Bàbá wúkọ́. "Má sọ fún ìyàwó rẹ."

"Mi ò ní sọ, sà."

"Láti òní lọ, ìwọ ni wàá máa dì í. Èmi á máa sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yẹ ẹ̀gbẹ́ kejì wò. Sípánà kò tíì kan irin tí bàbá ti ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n."