Nígbà Tí Pólì Di Yunifásítì

"Sà, mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni mo ṣe sáré wá." Juliet ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ́fíìsì náà, kò sì fẹ́ dìde.

Ọ̀gbẹ́ni Olúwagbémiga Oyèbánjí bọ́ awò ojú rẹ̀. Òun ló kọ́ Juliet bí wọ́n ṣe ń yàwòrán ilé, òun ló sì tì í lẹ́yìn títí tó fi lọ gba oyè dókítà bọ̀ láti òkè òkun. "Dìde, ọmọ mi. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì ti parí ìpàdé. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ní oyè dókítà kò lè jẹ́ olùkọ́ àgbà ní yunifásítì. Ọ̀nà méjì ni wọ́n là sílẹ̀ fún yín. Ẹ lè kúrò ní kíláàsì, kí ẹ lọ ṣe dárẹ́kítọ̀ ẹ̀ka tó ń tọ́jú ilé. Owó oṣù yín kò ní yí padà, wọn yóò sì fún yín ní mọ́tò. Tàbí kí ẹ máa kọ́ni lọ, ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n kí ni?"

"Ní ipò olùkọ́ kékeré, sà. Lábẹ́ mi. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ka ìyàwòrán ilé wa. Wọ́n ń retí èsì yín lọ́jọ́ Ajé."

Oyèbánjí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ta ló sáré kiri nítorí yunifásítì yìí bí kò ṣe òun? Nígbà tí pólì Òkè-Àyédé bẹ̀rẹ̀, abẹ́ igi kajú ni wọ́n ti ń kọ́ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ló fọwọ́ ara wọn mọ búlọ́ọ̀kù kíláàsì àkọ́kọ́, òun ló sì dúró tì wọ́n nínú oòrùn. Nígbà tí owó tán tí wọ́n fẹ́ tì í pa, òun wà lára àwọn tó lọ bẹ ìjọba ní Lọ́kọ́jà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yunifásítì sì délẹ̀, òun ni alága ìgbìmọ̀ tó gbé e dé Àbújá. Òun gan-an ló fọwọ́ sí ìlànà pé dókítà nìkan ni yóò jẹ́ olùkọ́ àgbà. Kò rò ó rí pé yóò kan òun. Yunifásítì wá dé tán, orí ẹni tó lọ pè é wá ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó dùn ún dé eegun.

Ó gun ọ̀kadà padà sí Kàbà. Rhoda, ìyàwó rẹ̀, ti tẹ́ agbádá funfun sórí tábìlì, ó ń lọ̀ ọ́.

"Okun o, Prof mi!" ló fi kí i káàbọ̀.

"Rhoda, má pè mí ní Prof mọ́."

"Kí ni kí n wá máa pè yín? Ìdúpẹ́ yunifásítì ku ọ̀tunla, Pásítọ̀ sì ní ẹ̀yin lẹ máa sọ ìtàn rẹ̀ fún ìjọ. Mo ti sọ fún ẹgbẹ́ ìyá pé pólì ti di yunifásítì, ọkọ mi náà sì ti di prof nìyẹn."

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò ó nígboro nìyẹn, pé bí ilé bá ti ga, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ náà ti ga. Ká sòótọ́, orúkọ náà ń dùn mọ́ bàbá létí, ìdí nìyẹn tí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wá jókòó, ó sì ròyìn ohun tí Juliet wí.

Rhoda gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Juliet? Juliet tó ń jẹun nínú ilé yìí? Kí ẹ máa wá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí ẹ tó gba àyè? Ẹ gba mọ́tò o, Bàbá Gbémisọ́lá. Dárẹ́kítọ̀ ni wọn yóò máa pè yín. Ṣikẹ́nà!"

"Kí ni n ó máa ṣe níbẹ̀? Kí n máa pààrọ̀ gílóòbù tó bá jó?"

"Ẹ ó máa rán ẹni tó máa pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ kò mọ ohun tí ojú mi máa rí láàárín àwọn obìnrin bí wọ́n bá gbọ́. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

Ẹ̀rù ń ba Oyèbánjí náà. Ó ń ro àwọn ọ̀dọ́ dókítà tí yóò máa pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ro bí wọn yóò ṣe máa rọra dákẹ́ bí òun bá ń kọjá. Títí di alẹ́ Sátidé, mọ́tò náà ló ń wù ú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Pásítọ̀ ní kí Prof wọn bọ́ síwájú. Oyèbánjí sọ̀rọ̀ igi kajú, ó sọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù, ó sọ bí ewúrẹ́ ṣe jẹ ìwé ìdánwò kíláàsì kan tán, ìjọ sì rẹ́rìn-ín títí. Juliet jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó doríkodò.

"Ẹ̀yin ni prof wa àkọ́kọ́!" ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn. Àtẹ́wọ́ sọ.

Ó lè jókòó nígbà náà kí ó sì parí síbẹ̀. Rhoda ń mi orí sí i díẹ̀díẹ̀ pé kó má sọ nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ náà ń ta á lára.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná," ó wí. "Èmi kì í ṣe prof. N kò ní oyè dókítà. Yunifásítì tí a fi ẹkún tọrọ ní òfin tirẹ̀, èmi náà sì fọwọ́ sí òfin ọ̀hún. Dókítà Juliet Ọlábímtán tó jókòó níbẹ̀ yẹn ni olórí ẹ̀ka wa báyìí."

Rhoda fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Pásítọ̀ wúkọ́, ó ń wá ohun tó máa sọ.

Màmá Naomi, ìyá àgbà kan tó ń dáko kajú ní Ìyámoyè, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó wà lórí ìjókòó rẹ̀, kò dìde. "Èmi ò mọ èwo ni prof, èwo ni dókítà. Adédùntán ọmọ-ọmọ mi ní ẹ̀kọ́ tiyín ló máa ń yé òun jù. Ta ni yóò kọ́ ọ lọ́la?"

Oyèbánjí wo ìyàwó rẹ̀. Kò tíì ṣí ojú. Ó wo Juliet, ó rí i pé omijé ti bọ́ lójú ọmọ náà. Mọ́tò náà ṣì wù ú, kò lè purọ́.

"Èmi ni, Màmá," ó wí. "Ẹ sọ fún un kó tètè dé o. Ọ̀gá mi kò fẹ́ràn ẹni tó ń pẹ́."

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Rhoda nìkan ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín.