Iná Kérésì Tí Mo Hun

Oníṣẹ́ iná ni ọkọ mi, kò sì sí ẹni tó lè kọ́ ọ níṣẹ́ rẹ̀, àfi bí Ọlọ́run bá sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, tí Kérésì bá ti kọjá, yóò ká iná wínníwínní ara fàráńdà mọ́ ìgúnpá, yóò jù ú sínú páálí. Tí ọdún bá yí po, a óò bá a bí irun orí ọmọ tó ń sá fún òòyà. Ọ̀rọ̀ náà sú mi.

Nígbà tí Kérésì tó kọjá parí, mo gba iná lọ́wọ́ rẹ̀. Súwẹ́tà ni mo máa ń hun tà, mo mọ ohun tí okùn ń fẹ́. Ìka ni mo fi hun ún, ojóbó bọ inú ojóbó, títí ó fi di nǹkan ṣókí. Bí èèyàn bá fa orí okùn tí mo hun kẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ á tú. Bó bá fa orí kejì, ṣe ni yóò máa le sí i.

Ìyá ọkọ mi, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú bọ̀ látọjọ́ pípẹ́, fọwọ́ pa á, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó mi, jẹ́ kí n wá àkísà so mọ́ orí tó ń tú, ká má baà gbàgbé."

Mo fi í sílẹ̀ fún un, mo lọ dáná. Nígbà tí mo máa fi padà, ó ti pa páálí dé. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni eku gé ìdí ẹ̀wù onílà tí ọkọ mi fẹ́ràn jù, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ pàkúté káàkiri ilé.

Lọ́dún yìí, nígbà tí Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Màmá. Nọ́ọ̀sì ní ká ṣí báńdéèjì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nílé. Màmá ní iná fàráńdà lòun fẹ́ kọ́kọ́ rí, ọkọ mi sì ṣèlérí. Èmi lọ mú Màmá wá láti ọsibítù, òun dúró ti iná.

Nígbà tí a wọlé, ilẹ̀ ni ọkọ mi jókòó sí, ó ń làágùn. Ibi púlọ́ọ̀gì ni oníṣẹ́ iná ti ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan. Ibẹ̀ ló ti ń fà á láti ọ̀sán, iná sì ti le gbagidi.

"Ìyàwó, kí lo fi iná yìí ṣe?"

"Mo tọ́jú ẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ wá ń bá a jà."

"Ilẹ̀ ti ń ṣú. Tí mi ò bá rí i tú, inú òkùnkùn ni Màmá máa lajú sí."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì gbé ẹ̀fẹ̀ tó kù lẹ́nu mi mì.

Màmá na ọwọ́. "Gbé e wá. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́."

Ó fìka wá a títí ó fi kan àkísà, ó sì rọra fà á. Ojóbó ń tú tẹ̀ lé ojóbó, wọ́ọ́rọ́wọ́, títí okùn fi gùn dé ẹnu ọ̀nà. Gílóòbù kan ò fọ́. Ọkọ mi ti gun àkàbà kí n tó mí.

Ó tan iná, mo ṣí báńdéèjì. Màmá ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Ó wo iná, ó wo ojú ọmọ rẹ̀ pẹ́.

"O ti hewú," ó ní.

Ẹ̀rín pa wá. Omi bọ́ lójú mi, ayọ̀ ni, mi ò sì nù ún.

Ó wá tẹjú mọ́ àkísà tó ń fì lórí okùn, aṣọ funfun onílà búlúù. "Aṣọ tó dáa báyìí ni mo gé?"

Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó dì í mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Màmá, ẹ̀yin ni mo ti ń dẹ pàkúté fún látọdún."

"Kó pàkúté rẹ kúrò nílẹ̀ o," Màmá dáhùn. "Eku ti ríran."